Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Lára Ògiri Ilé Ìfọṣọ

Ọjọ́ Kẹfà, Oṣù Kẹrin, 2020

Bàbá mi,

Ẹ kú àtijọ́, ẹ kú ìdáwà. Mo gbọ́ pé kónílé-ó-gbélé ti dé ọ̀dọ̀ yín náà, àti pé ẹ̀gbọ́n mi ò lè wá wò yín mọ́ torí wọ́n ti dí ọ̀nà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé wá kí yín. Bí wọ́n bá kan ilẹ̀kùn, ẹ ò kúkú ní gbọ́ tẹ́lẹ̀, ẹ ṣe bí ẹni tí kò sí nílé.

Mo mọ̀ pé bátìrì ẹ̀rọ etí yín lẹ kọ́kọ́ ń wá nínú àpò ìwé yìí. Kò sí níbẹ̀. Ilé ìtajà tí mo ti máa ń rà á ti tì láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, wọn ò sì sọ ìgbà tí wọ́n máa ṣí i. Ẹ máa yọ èyí tó wà níbẹ̀ bí ẹ bá fẹ́ sùn, kó lè pẹ́ díẹ̀ sí i.

Èmi ṣì ń lọ síbi iṣẹ́. Wọ́n ní kí gbogbo ayé jókòó sílé, àmọ́ aṣọ ilé ìwòsàn ò yéé dọ̀tí. Ojoojúmọ́ ni ọkọ̀ ń já àpò sílẹ̀ fún wa: aṣọ ibùsùn, aṣọ àwọn dókítà, aṣọ tí wọ́n fi bo àwọn tí kò jí mọ́. Tẹ́lẹ̀, àpò pupa ni wọ́n máa ń kó aṣọ àwọn tó ní àrùn tó ń ràn sí, kí a lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Àpò pupa ti tán. Funfun ni gbogbo ẹ̀ báyìí, a ò sì ní mọ èwo ni èwo títí a ó fi tú u. Ìbọ̀wọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ń fún wa lọ́sẹ̀. Mo máa ń fọ tèmi bí mo bá délé, màá sá a sójú fèrèsé bí ẹni sá ìbọ̀sẹ̀ ọmọ.

Màmá Jẹ́jẹ́ ti ń wúkọ́. Òun ni àgbàlagbà tí a jọ ń ká aṣọ lórí tábìlì kan náà. Èmi á mú igun méjì, òun á mú igun méjì, a ó pàdé láàárín. Èmi ni mo fún un lórúkọ yẹn torí ohun tó máa ń sọ fún mi ní èdè ìlú ibí nìyẹn bí mo bá ń kánjú. Ó sọ fún máníjà pé ara òun ò yá. Máníjà ní bí kò bá wá, kò ní gba owó ọ̀sẹ̀ yẹn. Ó wá. Ó dúró níwájú mi láti àárọ̀, ó ń wúkọ́ sínú ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, ó sì tún ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi.

Nítorí náà, àwa kan ti ń bára wa sọ̀rọ̀. A fẹ́ kọ ìwé kan sí máníjà, kí gbogbo wa fọwọ́ sí i. Mo ní kí n sọ fún yín torí pé ẹ̀yin náà ṣiṣẹ́ ilé ẹ̀rọ títí ẹ fi fẹ̀yìn tì, ọ̀rọ̀ náà á yé yín.

Ó ku kiní kan. Onílé mi ní kí n kó jáde kí oṣù yìí tó parí. Ó ní ẹni tó ń fọ aṣọ aláìsàn ò lè máa bá òun lo ilé ìdáná kan náà. Mi ò tíì mọ ibi tí mo máa forí lé. Ẹ máa fi lẹ́tà ránṣẹ́ síbi iṣẹ́ mi. Mo kọ àdírẹ́sì rẹ̀ sẹ́yìn àpò ìwé.

Èmi ọmọ yín tí ọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ yín,
Lọ́yà


Ọjọ́ Kejì, Oṣù Karùn-ún, 2020

Lọ́yà mi,

Lẹ́tà rẹ lo ọjọ́ mẹ́tàlélógún lójú ọ̀nà. Kú iṣẹ́, kú ìfaradà, kú ewu ojoojúmọ́. Ọlọ́run á máa ṣọ́ ọ. Onílé tó lé ọ jáde, mo fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Bó bá ṣàìsàn lọ́la, orí aṣọ tí ẹ fọ̀ ni wọn yóò tẹ́ òun náà sí.

Bátìrì ti kú pátápátá. Mo ń fi ẹ̀rọ náà sétí lásán bí ẹni fi yẹtí sétí, kí àwọn aládùúgbò má baà mọ̀ pé n kò gbọ́ nǹkan kan. Bí wọ́n bá sọ̀rọ̀ láti ojú fèrèsé wọn, mo kàn ń mi orí ni. Mo mi orí sí obìnrin tó ń gbé lókè ilé wa lọ́jọ́ Ẹtì, nígbà tó di ọ̀sán ó fa ajá rẹ̀ wá. Àṣé ó ti bi mí bóyá mo lè bá òun tọ́jú rẹ̀. Ajá náà wà lábẹ́ tábìlì bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí. Wá bátìrì fún mi kí n tó mi orí sí ohun tó ju ajá lọ.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìwé tí ẹ ń kọ. Ta ló kọ orúkọ ṣáájú? Dá mi lóhùn ìyẹn kí o tó kọ ohunkóhun mìíràn. Mo mọ̀ ọ́. Bí wọ́n bá ń fi ìyà jẹ ọmọ ọlọ́mọ nílé-ìwé, ìwọ lo máa ń bọ́ síwájú olùkọ́ láti rojọ́, ohun tó jẹ́ kí a máa pè ọ́ ní Lọ́yà nìyẹn. Inú mi máa ń dùn nígbà náà, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ilé-ìwé ni ìyẹn. Ìlú onílùú lo wà báyìí, o ò ní ilé, o ò ní ẹbí níbẹ̀. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá ṣáájú ni wọ́n ń kọ́kọ́ pè sí ọ́fíìsì. Mo mọ ohun tí mò ń sọ, má sì bi mí bí mo ṣe mọ̀ ọ́n.

Yọ orúkọ rẹ kúrò. Bí ìbòmú ò bá tó, fi aṣọ rán tìrẹ. Bí ìbọ̀wọ́ ò bá tó, máa fọ èyí tó wà bí o ṣe ń fọ̀ ọ́. Jẹ́ kí àwọn onílùú bá ara wọn jà, kí ìwọ ká aṣọ rẹ, kí o gba owó rẹ, kí o padà wá bá mi láàyè. Ohun tí mo fẹ́ kò ju ìyẹn lọ.

Bàbá rẹ tí ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀


Ọjọ́ Ọgbọ̀n, Oṣù Karùn-ún, 2020

Bàbá mi,

Ẹ kú ìtọ́jú ajá. Mo ka ibẹ̀ lójú ọ̀nà, mo rẹ́rìn-ín títí àwọn èèyàn fi ń wò mí. Ẹ̀rín kan ṣoṣo tí mo rín lóṣù yìí nìyẹn.

Màmá Jẹ́jẹ́ ti kú. Ọjọ́ kọkànlá oṣù yìí ni. Ilé ìwòsàn tí à ń fọ aṣọ fún náà ló kú sí, nítorí náà ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èmi ni mo tú àpò tí aṣọ rẹ̀ wà nínú ẹ̀. Mo ń gbìyànjú kí n má rò ó. Máníjà ní kí a dúró ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú méjì láti fi yẹ́ ẹ sí, àmọ́ kò ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ. A dúró, a dorí kodò, ẹ̀rọ ń ké lọ. Lẹ́yìn náà ló gbé ẹlòmíì wá sí ìdí tábìlì mi, ọmọbìnrin kan tó máa ń fa aṣọ bí ẹni tí wọ́n ń lé.

Ẹ béèrè ẹni tó kọ orúkọ ṣáájú. Kò sẹ́ni tó ṣáájú. Awakọ̀ tó ń já àpò sílẹ̀ ló dá a lábàá. Ó gbé àwo ìjẹun dé orí ìwé, ó fi bírò yí i po, a wá kọ orúkọ wa yí òbìrìkìtì náà ká bí ìgbà tí èèyàn jókòó yí tábìlì ká. Àwa mẹ́tàlélógójì. Bí ẹ bá wò ó dọ̀la, ẹ ò ní mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun mẹ́ta péré la béèrè. Kí wọ́n máa fún wa ní ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú tuntun lójoojúmọ́. Kí àpò pupa padà. Kí ẹni tí ara rẹ̀ ò bá yá lè jókòó sílé láìjẹ́ pé wọ́n gé owó rẹ̀. Bí máníjà ò bá dá wa lóhùn, a máa gbé iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ kẹfà oṣù keje. Aṣọ yàrá iṣẹ́ abẹ nìkan la ó máa fọ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà kú nítorí tiwa.

Ẹ ní kí n yọ orúkọ mi. Bí mo bá yọ ọ́, àlàfo á wà nínú òbìrìkìtì náà, gbogbo ayé á sì rí i. Ó dùn mí pé ẹ sọ ọ́. Ẹ̀yin ni mo rò pé ẹ máa ní kí n tẹra mọ́ ọn. Kò síbi tí mo ti mọ̀ yín mọ́ ẹ̀rù rí, Bàbá, mi ò sì mọ ohun tí mo máa fi lẹ́tà yín ṣe.

Ilé ìtajà bátìrì ò tíì ṣí. Ẹ má mi orí sí ẹnikẹ́ni.

Ọmọ yín,
Lọ́yà


Ogúnjọ́, Oṣù Kẹfà, 2020

Lọ́yà mi,

Kú ọ̀fọ̀, kú ìrọ́jú. Ọlọ́run á tẹ́ màmá náà sí afẹ́fẹ́ rere. 

Mo ti ṣe ohun tó yẹ kí bàbá ṣe. Mo kọ̀wé sí máníjà yín. Àdírẹ́sì tí o fún mi ni mo lò, ọjọ́ kan náà ni mo sì fi tirẹ̀ àti tìrẹ sínú àpótí ìfìwéránṣẹ́.

Má tíì lanu. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ bá olùkọ́ àgbà fa wàhálà, ta ló lọ bẹ̀ ẹ́? Nígbà tí wọ́n lé ọmọ àbúrò mi kúrò níṣẹ́, àwa àgbà mẹ́rin la wọ aṣọ tó dáa lọ bá ọ̀gá rẹ̀ nílé. A ò bi ọmọ náà bóyá ó jẹ̀bi tàbí kò jẹ̀bi, ìyẹn kọ́ ló gbé wa lọ. A bẹ̀bẹ̀, ọ̀gá rojú díẹ̀, ó sì dá a padà. Bí àwa ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọ ìwé náà kí ó tó wù mí, ní èdè tí máníjà yín gbọ́, mo sì wá ọ̀rọ̀ ńláńlá sí i nínú ìwé atúmọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un gbọọrọ nínú ìwé. Ó yẹ kó mọ̀ pé o ní ẹni tó bí ọ.

Ìwọ náà rẹ ohùn rẹ sílẹ̀ níwọ̀nba ọjọ́ díẹ̀ yìí. Bó bá pè ọ́, fi ọ̀wọ̀ dá a lóhùn. Wàá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi bó bá yá.

Ajá náà ti ń sùn sórí bàtà mi. Olówó rẹ̀ ò sọ ìgbà tó ń bọ̀, tàbí ó ti sọ ọ́ tí n kò gbọ́.

Bàbá rẹ, ẹni tó ń jà fún ọ níbi tí apá rẹ̀ ká


Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Keje, 2020

Bàbá,

Ẹ kú ilé. Mi ò ní kí yín ju bẹ́ẹ̀ lọ lónìí.

Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá ni ọjọ́ karùn-ún tí a ti wà lẹ́nu géètì. Kò sẹ́ni tó wọlé nínú wa àfi àwọn tó ń fọ aṣọ iṣẹ́ abẹ. Ilé ìwòsàn ti ń pe máníjà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ pé aṣọ ti fẹ́ tán. Ó ku díẹ̀, Bàbá. Ọjọ́ Ẹtì yẹn gan-an ni lẹ́tà yín dé. Máníjà ṣe ẹ̀dà rẹ̀, ó lẹ ọ̀kan mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago tí a máa ń ti káàdì wa bọ̀ láràárọ̀ kí wọ́n lè mọ ìgbà tí a dé, ó lẹ òmíràn mọ́ géètì, ó sì pín ìyókù fún wa bí ẹni pín ìwé ìkéde.

Mo ti há a sórí. "Ọmọdé ló ń ṣe é. Ẹgbẹ́ burúkú ló kó ṣì í lọ́nà. Ẹ bá mi fojú àánú wò ó, kí ẹ dá òun sí." Awakọ̀ ló kà á sókè fún àwọn tó wà lẹ́yìn. Ó kà á tán, ó rọra ká ìwé náà sí mẹ́rin, ó sì yíjú sí mi.

"Ṣé ìwọ lo ní kó kọ ọ́?"

Mo ní rárá. Ó béèrè ibi tí bàbá mi ti rí àdírẹ́sì. Mo ní èmi ni mo fún un. Ó lọ dúró lọ́dọ̀ àwọn tó kù.

Mo ṣàlàyé títí ẹnu mi fi gbẹ. Mo ní níbi tí mo ti wá, bàbá lè lọ bẹ̀bẹ̀ fún ọmọ tó ti dàgbà láìjẹ́ pé ọmọ rán an, pé kò túmọ̀ sí pé ọmọ jẹ̀bi, pé ìfẹ́ ni. Ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín, ó ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mí. Ó ní níbí, bí èèyàn bá ti kúrò nílé-ìwé, bàbá rẹ̀ kì í mọ ọ̀gá rẹ̀. Ó ní bí lẹ́tà bá ti ọ̀dọ̀ bàbá mi wá, èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Wọ́n gbà pé mò ń bá máníjà sọ̀rọ̀ lẹ́yìn wọn kó lè dá èmi nìkan sí. Wọ́n sì wá ń wo ara wọn, oníkálukú ń rò ó pé ta ló tún wà tó ń bẹ̀bẹ̀ ní kọ̀rọ̀. Lánàá, àwọn mọ́kàndínlógún wọlé padà. Lónìí, gbogbo wa la wọlé. Ìbọ̀wọ́ kan ò sí níbẹ̀.

Ẹ dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tí kò mọ ohun tí ìdọ̀bálẹ̀ jẹ́. Láti àárọ̀, bí ó bá ti kọjá níwájú mi, ohùn rẹ̀ á lọ sókè kí gbogbo èèyàn lè gbọ́: "Bàbá rẹ ńkọ́?" Mo ní láti dá a lóhùn pé wọ́n wà dáadáa.

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ lẹ fi ṣe é, ohun tó tún mú kó burú jù nìyẹn. Ẹ má kọ̀wé síbi iṣẹ́ mi mọ́. Àdírẹ́sì yàrá tuntun mi wà nísàlẹ̀, àmọ́ ẹ má retí èsì kíákíá.

Lọ́yà


Ọjọ́ Kẹjọ, Oṣù Kẹjọ, 2020

Ọmọ mi,

O ò kí mi. Èmi kí ọ: kú iṣẹ́, kú ọjọ́ pípẹ́.

Mo ti ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mẹrin. Bàbá rẹ ni mo ṣì jẹ́, n kò sì rò pé ó yẹ kí o bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ta ló sọ pé kí máníjà lẹ ìwé ẹni mọ́ ògiri? Ìwé àgbàlagbà sí àgbàlagbà ni. Bí ọmọlúwàbí ni, yóò kà á, yóò fi sápò, yóò sì pè ọ́ jẹ́jẹ́ sí kọ̀rọ̀. Òun ló jẹ̀bi, kì í ṣe èmi.

O ṣì ní iṣẹ́ rẹ, àbí o ò ní? O ṣì wà láàyè. Ohun tí mo bẹ̀bẹ̀ fún nìyẹn, mo sì rí i gbà.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ Kọkàndínlógún, Oṣù Kẹsàn-án, 2020

Lọ́yà mi,

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, n kò rí ìwé rẹ. Ọkùnrin tó ń pín lẹ́tà ti mọ̀ mí, bó bá ti rí mi lójú fèrèsé báyìí, ó máa ń juwọ́ pé kò sí. Mo kọ ọ̀rọ̀ ìkà sí ọ nínú èyí tó kẹ́yìn. Má bínú. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ báyìí, ó yẹ kí n ti sọ ọ́ kí o tó kúrò nílé.

Mo ti ń parọ́ fún ọ láti ìgbà tí o ti gbọ́n. Mo sọ fún ọ pé ibà ló bà mí létí jẹ́ nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́. Kì í ṣe ibà. O mọ ilé iṣẹ́ ahunṣọ tí mo ti ṣe ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n. Igba ẹ̀rọ ló wà nínú gbọ̀ngàn kan ṣoṣo, ètè ara wa la máa ń wò bí a bá fẹ́ bá ara wa sọ̀rọ̀. Ọdún tí màmá rẹ lóyún rẹ, a béèrè ohun tí a ó máa fi dí etí. Ohun kékeré ni, kò ju òwú àti ike lọ. Wọ́n kọ̀, a sì gbé iṣẹ́ sílẹ̀. Èmi ni akọ̀wé. Orúkọ mi ló ṣáájú nínú ìwé.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, bàbá mi wọkọ̀ láti abúlé. N kò rán an, n kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó ń bọ̀. Ó lọ dọ̀bálẹ̀ fún ọ̀gá wa. Nígbà tí wọ́n pè mí wọlé, bàbá mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, eruku ilẹ̀ ọ́fíìsì wà láyà aṣọ rẹ̀, kò sì gbọ̀n ọ́n nù. Ọ̀gá tẹ́ ìwé síwájú mi pé mo ti ṣẹ̀, mo sì tọrọ àforíjì. Mo wo eruku yẹn, mo fọwọ́ sí i. Nígbà tí àwọn yòókù rí ọwọ́ mi nínú ìwé, àwọn náà bẹ̀rẹ̀ sí fọwọ́ sí i. Ọkùnrin kan ṣoṣo ló ní òun ò gbà. Ọ̀rẹ́ mi ni, a jọ ń tún ẹ̀rọ ṣe ni. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Kògbà.

O mọ̀ ọ́n. Bàbá tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní òpópónà kejì, tí kì í bá ọ sọ̀rọ̀ tó bá ń bá ọ fẹ́ táyà. Wọ́n lé e, kò ríṣẹ́ ilé ẹ̀rọ kankan mọ́, ìdí kẹ̀kẹ́ ló darúgbó sí. Bí ọjọ́ orí rẹ ṣe pẹ́ tó yìí, n kò kí i, kò kí mi. Bí mo bá fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá, mo máa ń sọdá sí òdìkejì.

Wọ́n dá mi padà sẹ́nu iṣẹ́. Iṣẹ́ yẹn ni mo fi tọ́ yín, n kò ní sọ pé n kò mọ oore rẹ̀. Ṣùgbọ́n etí mi ń lọ díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ tí o kọrin níwájú gbogbo ilé-ìwé, ẹnu rẹ ni mo ń wò. N kò gbọ́ ìkankan. Mo pàtẹ́wọ́ nígbà tí àwọn ẹlòmíràn pàtẹ́wọ́.

Bàbá mi rò pé òun gbà mí là, mo sì jẹ́ kó kú pẹ̀lú èrò yẹn lọ́kàn. Nígbà tí mo wá rí i pé o ń rìn lọ sínú ohun tí mo sá fún, mo ṣe ohun kan náà tó ṣe, mo tún wá ń gbéra ga sí i. Ìwọ ò yẹ lẹ́ni tí ojú ń tì. Èmi ni.

Ìwé kékeré kan wà nínú èyí fún àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́. N kò wá ọ̀rọ̀ ńlá kankan sí i. Túmọ̀ rẹ̀ fún wọn bó bá wù ọ́, ya á bí kò bá wù ọ́.

Bàbá rẹ

*Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ilé ìfọṣọ,*

*Èmi ni bàbá tó kọ ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri yín. Ọmọ mi kò rán mi, kò sì mọ̀. Mo pè yín ní ẹgbẹ́ burúkú, bẹ́ẹ̀ ni n kò mọ ẹnì kankan nínú yín. Nígbà kan, èmi náà bá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi béèrè ohun kékeré kan níbi iṣẹ́, wọ́n dẹ́rù bà mí, mo sì fọwọ́ sí ìwé pé mo ṣẹ̀. Mo ti di adití báyìí. Ẹ dákun, ẹ má fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀.*


Ọjọ́ Kẹẹ̀ẹ́dógún, Oṣù Kọkànlá, 2020

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ kú àìgbúròó mi, ẹ kú ìtọ́jú ajá. Gbogbo èyí tí mi ò kí yín lóṣù keje ni mo kó pọ̀ yìí. Bátìrì wà nínú àpò ìwé, páálí mẹ́fà. Wọ́n ti ṣí ilé ìtajà náà.

Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi gbé ìwé yín kiri kí n tó fi han ẹnikẹ́ni. Inú tún bí mi, torí pé mo ti sọ fún gbogbo èèyàn ní ayé mi pé ibà ló ba bàbá mi létí jẹ́. Mo rántí orin yẹn. Mo rántí pé ẹ̀yin lẹ pàtẹ́wọ́ pẹ́ jù.

Lẹ́yìn náà ni mo kà á fún wọn lẹ́yìn ilé, níbi tí a ti máa ń jẹun ọ̀sán. Èèyàn ò tó ogún. Wọ́n jẹun tán, wọ́n padà sídìí iṣẹ́, mo ní ó ti parí nìyẹn. Lọ́jọ́ kejì, Awakọ̀ já àpò sílẹ̀, ó sì fa àwo kan àti bírò yọ lábẹ́ ìjókòó rẹ̀. A ti tún òbìrìkìtì kọ. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n la jẹ́ báyìí, ẹ̀rù ṣì ń ba àwọn tó kù. Nígbà tó kàn mí, Awakọ̀ fọwọ́ kan àyè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ mi, ó ní kí n kọ tiyín sí i. Mo ní ẹ kì í ṣe òṣìṣẹ́ ibẹ̀. Ó ní máníjà ṣáà ti mọ̀ yín tẹ́lẹ̀.

Èsì tí a rí nìyí. Páálí ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú wà lórí tábìlì kọ̀ọ̀kan láràárọ̀ báyìí, a lè mú iye tó bá wù wá. Ti àpò pupa, wọ́n ní wọ́n ti béèrè fún un, àmọ́ oṣù kan ti kọjá. Ti àìsàn, máníjà ní ọ̀rọ̀ yẹn ò tilẹ̀ ṣeé gbọ́ létí. Wọ́n sì ti gbé èmi kúrò nídìí tábìlì, ìdí àpò títú ni mo wà, níbi tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ wà. Òkú kan, oṣù méje, ó wá jẹ́ ìbọ̀wọ́ ni wọ́n fi dá wa lóhùn. Àwọn míì dúpẹ́ lọ́wọ́ máníjà. Èmi ò dúpẹ́. Mo wọ ọ́, mo ń tú àpò.

Lẹ́tà àkọ́kọ́ yín ṣì wà lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago. Ẹnìkan ti lẹ èkejì mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mi ò mọ ẹni náà. Máníjà ò tíì yọ ọ́. Kò béèrè yín lọ́wọ́ mi mọ́.

Bí ẹ bá ti fi bátìrì sí i, Bàbá, ẹ mọ ibi tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ lọ.

Èmi ni tiyín,
Lọ́yà


Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kejìlá, 2020

Lọ́yà mi,

Bátìrì dé. Kú ìnáwó, kú ìrántí. Ohùn àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ni ti ajá yìí. N kò mọ̀ pé bó ṣe ń gbó láti oṣù karùn-ún nìyẹn. Àṣé ìdí tí obìnrin òkè fi fà á lé mi lọ́wọ́ nìyẹn, kò sì ní wá gbà á mọ́ láyé.

Mo lọ. Mo kó gbogbo lẹ́tà rẹ dání, pẹ̀lú ẹ̀dà tèmi tí mo fi pa mọ́, mo wọ ìbòmú, mo sì fi bátìrì tuntun sí ẹ̀rọ etí mi lẹ́nu ọ̀nà kó má baà dójú tì mí. Kògbà jókòó síwájú ìsọ̀ rẹ̀, ó da kẹ̀kẹ́ kan délẹ̀, ó ń wá ibi tí táyà ti jò. Òun náà wọ ìbòmú. Mo rí i pé mo wọ wàhálà, torí n kò lè wo ètè rẹ̀, etí nìkan ló kù fún mi.

Mo kí i. Kò dáhùn, ṣùgbọ́n kò lé mi. Mo ní mo wá tọrọ àforíjì, mo sì fẹ́ dọ̀bálẹ̀. Ó fi sípánà dá mi dúró. Ó ní bí mo bá wólẹ̀ síbẹ̀, nínú àwa arúgbó méjèèjì ta ni yóò gbé mi dìde. Ó ti àga kan sí mi, ó jìnnà díẹ̀ sí tirẹ̀ nítorí àrùn. Mo jókòó. N kò mọ ibi tí n ó ti bẹ̀rẹ̀, ni mo bá na àwọn lẹ́tà náà sí i.

Ó ka gbogbo rẹ̀. Kò kánjú. Nígbà tó dé ibi tí mo ti dárúkọ rẹ̀ nínú ẹ̀dà lẹ́tà tèmi, ó tún padà kà á, n kò sì lè wo ojú rẹ̀. Kò sọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sọ pé òun dárí jì mí. Ó dá àwọn ìwé náà padà fún mi, ó gbé kẹ̀kẹ́ náà nàró, ó fi ọwọ́ yí táyà, ó tẹ́tí sí i bí ẹni ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Etí tirẹ̀ dá ṣáká.

"Ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú nìkan ni wọ́n tíì rí gbà?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ó ku méjì nìyẹn."

Kò gbé ohùn sókè. Mo gbọ́ ọ.

Bàbá rẹ